Bí ẹ ṣe lè dá àrọ̀ haíbíríìdì mọ̀ létí odò

Ẹ òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Kàbà ni mo ti sọ̀kalẹ̀ wá sí etí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, torí ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, àrọ̀ tó kó sáwọ̀n mi yìí, ṣé ọmọ odò ni àbí haíbíríìdì?" Haíbíríìdì ni ọmọ tí irú ẹja méjì pa pọ̀ bí.

Ó dáa. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń di àrọ̀ mú, ẹ ṣáà ṣọ́ ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ mi, gbé kámẹ́rà sún mọ́ ẹ̀yìn ẹja. Kì í ṣe orí. Ẹ̀yìn!

Kláríásì, àrọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, lẹbẹ kan ṣoṣo ló ní lẹ́yìn, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù. Eegun tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń ju 60 lọ. Hẹ́tẹ́rò, ìbátan kláríásì, ní tiẹ̀ ní lẹbẹ méjì: ti iwájú ní eegun tín-ín-rín yẹn, ti ẹ̀yìn ò ní irú rẹ̀, lẹbẹ ọ̀rá ni. Ti longifilis, ọ̀kan lára àwọn hẹ́tẹ́rò, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, àmì dúdú sì máa ń wà níparí ti ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá wá po ẹyin kláríásì mọ́ àtọ̀ hẹ́tẹ́rò, ọmọ tó jáde á gba díẹ̀díẹ̀ lára àwọn méjèèjì. Lẹbẹ eegun rẹ̀ ò ní dé ìrù, lẹbẹ ọ̀rá kékeré á wá tẹ̀lé e.

Ẹ wo ọwọ́ mi báyìí. Mo gbé èékánná sí ibi tí lẹbẹ ti bẹ̀rẹ̀, mo ń wọ́ ọ lọ sí ìrù. Eegun ni mò ń kàn, bí ìgbà téèyàn fi ìka wọ́ eyín òòyà. Ó ń lọ, ó ń lọ... níbí! Ó rọ̀, kò sí eegun mọ́. Kódà nínú òkùnkùn, èékánná yìí á mọ ibi tí eegun ti parí, mo fọwọ́ sọ̀yà. Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ na lẹbẹ náà sí oòrùn: eegun á hàn, lẹbẹ ọ̀rá ò ní irú eegun bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi àwọ̀ dá ẹja mọ̀! Ẹ kó o láti inú omi ẹrẹ̀ sínú táǹkì dúdú, ẹja kan náà á dúdú sí i.

Ẹni tó kọ ọ́ pé haíbíríìdì ò lè dé odò, ṣé ẹ gbàgbé omíyalé 2012 àti 2022 ni? Omi wọ pọ́ọ̀ǹdù tí wọ́n ti ń sin ẹja, ẹja bá omi lọ.

Ẹ má kánjú pè é ní haíbíríìdì o. Hẹ́tẹ́rò mìíràn wà, bidorsalis, tí lẹbẹ ọ̀rá tiẹ̀ náà kúrú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í mú. Ẹ ka eegun: tiẹ̀ kì í sábà kọjá 45. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí lẹbẹ ọ̀rá sì wà, haíbíríìdì ni mo máa pè é. Àmọ́ tí haíbíríìdì bá tún bá kláríásì bímọ, ọmọ náà lè jọ kláríásì débi pé àyẹ̀wò DNA nìkan ló máa yanjú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ fi ẹja dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ na lẹbẹ rẹ̀, kẹ́ ẹ yà á láti orí dé ìrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya ẹnu nìkan, ẹ tún un yà.