Oúnjẹ Ìgbà Èwe Ló Ń Pinnu Bí Ladybird Yóò Ṣe Tóbi Tó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wo kòkòrò méjì yìí dáadáa. Ladybird alámì méjì ni wọ́n, ìyẹn kòkòrò kékeré roboto tí àmì tótòtó méjì wà lẹ́yìn rẹ̀; abo ni àwọn méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jáde nínú ẹyin. Síbẹ̀, ọ̀kan kéré sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ nígbà èwe ló fa ìyàtọ̀ náà.

Kòkòrò yìí kì í tóbi sí i mọ́ lẹ́yìn tó bá ti hu ìyẹ́. Ìgbà tó ṣì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fẹsẹ̀ rìn kiri orí ewé, ni gbogbo ìdàgbà rẹ̀ wà, nígbà tó ń jẹ aphid, ìyẹn àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ara ewéko mu, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rí tí wọ́n ṣù bo ewé tútù ẹ̀wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò bọ́ awọ kí ó tó dé ìpele tó kẹ́yìn, ìpele yìí ni ó sì ti ń jẹun jù lọ. Bí ebi bá pa á níbẹ̀, tí kò sì kú, yóò lẹ ìdí mọ́ ewé, yóò sì paradà ní kékeré. Abo tó bá sì jáde ní kékeré kì í sábà yé ẹyin tó ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ pọ̀ nìkan kò tó, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wú mi lórí jù. Ní ọdún 1967, Blackman, onímọ̀ kòkòrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí jáde lórí oríṣi ladybird méjì. Àwọn ọmọ ladybird alámì méje jẹ aphid tí à ń pè ní Megoura viciae, wọ́n sì dàgbà; àwọn ọmọ alámì méjì jẹ ẹ́, wọ́n kú. Oúnjẹ ẹnìkan di májèlé ẹlòmíràn! Kódà, ewéko tí aphid fúnra rẹ̀ ń mu lè yí ọ̀rọ̀ padà: Aphis craccivora, èyí tó ń yọ ẹ̀wà wa lẹ́nu, máa ń ṣekú pa ọmọ ladybird mìíràn tó ń jẹ́ Harmonia axyridis bí ó bá ti orí igi Robinia wá, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń fi irú aphid yìí kan náà tọ́ ọ dàgbà bí ó bá ti orí ewéko mìíràn wá.

Ní Amẹ́ríkà, ladybird kan tó ń jẹ́ Coleomegilla maculata lè dàgbà lórí ìyẹ̀ òdòdó àgbàdo nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ladybird tí ń jẹ aphid kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀ òdòdó kàn ń mú ẹ̀mí wọn dúró ni. Nítorí náà, àwọn tí ń sin ladybird alámì méjì nílẹ̀ Yúróòpù lè fi ẹyin àfòpiná tí ń ba ìyẹ̀fun jẹ́ bọ́ ọ dípò aphid, kí wọ́n sì po ìyẹ̀ òdòdó tí oyin kó jọ mọ́ ọn, nítorí àpòpọ̀ méjèèjì ń ṣe é lóore ju ẹyin náà nìkan lọ.