Bátìrì Ni Kẹ́ ẹ Fi Ṣírò Owó Sólà

Ẹ wo nǹkan dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. Bátìrì tókúnbọ̀ ni. Ikùn rẹ̀ ti wú bíi ti ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná. Oṣù mẹ́rìnlá péré ló lò lọ́wọ́ mi. Àpótí ìjókòó ló dà lẹ́yìnkùlé wa báyìí.

Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ohun tẹ́ ẹ ń bi mí ni pé, "Ìgbà wo ni sólà máa dá owó ẹ̀ padà?" Kò le. Ẹ kó owó jẹnẹrétọ̀ yín jọ. Ká ní lítà mẹ́ta lẹ ń jó lóòjọ́, ká fi lítà kan sí 900 náírà: 81,000 lóṣù nìyẹn. Ẹ fi 9,000 kún un fún ọ́ìlì àti mẹkáníìkì, ó di 90,000. Bí sólà bá jẹ́ 2,700,000, ọgbọ̀n oṣù lowó yín máa padà. Ẹ mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í rèé o. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ọ̀gá mi, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni páńẹ́lì yìí máa lò." Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ṣé páńẹ́lì ló ń tanná lóru ni? Bátìrì ni! Bátìrì tọ́búlà, èyí tó ń mu omi, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló máa lò, tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́, kò ní débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọṣọ lóru, ẹ̀yin ni mò ń bá wí! Bátìrì lítíọ́ọ̀mù lè lo bí ọdún mẹ́wàá, ó kàn wọ́n ni.

Awakọ̀ tó gba ọkọ̀ hire purchase mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kù díẹ̀ kọ́kọ̀ di tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ kú, gbèsè ò kú. Bátìrì tó kú lóṣù kẹrìnlá, nígbà tówó ò tíì padà, ọkọ̀ yẹn náà ni.

BÁTÌRÌ NI KẸ́ Ẹ FI ṢÍRÒ! KÌ Í ṢE PÁŃẸ́LÌ!

Ẹ̀yin ará Band A, tí ìjọba ní kíná máa wà fún ogún wákàtí lójúmọ́: bó bá ń wà lóòótọ́, tẹ́ ẹ kì í tan jẹnẹrétọ̀, epo wo lẹ fẹ́ fi ṣírò? Owó yín máa pẹ́ níta gan-an. Ẹ má tìtorí aládùúgbò rà á.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé wárántì bátìrì ńkọ́, ọdún mélòó? Kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kó fọwọ́ sí i. Èyí tí mo gbẹ́sẹ̀ lé yìí, mi ò gba rìsíìtì ẹ̀.