Èémí Inú Dùùrù Onífèrè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Atẹdùùrù ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin atẹdùùrù àti akẹ́kọ̀ọ́ orin, ẹ kú ìjókòó. Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dùùrù onífèrè. Ẹni tó bá mọ ibi tó ń gbà wọlé, ibi tó ń dúró sí àti ibi tó ń gbà jáde, onítọ̀hún ti mọ dùùrù.

Ktesibios ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ló kọ́kọ́ ṣe é, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Omi ló fi ń ti afẹ́fẹ́ rẹ̀ kó má baà máa ròkè rodò. Lónìí, mọ́tò iná ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹwìrì, bíi ti alágbẹ̀dẹ, àmọ́ nǹkan wúwo wà lórí ti dùùrù tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dúró lójú kan. Láti ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú àpótí tí fèrè dúró lé. Ìka tẹ àtẹ, ìdérí kékeré ṣí lábẹ́ fèrè, fèrè fọhùn.

Fèrè tó ṣí lórí, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ló ń mú ohùn C ìsàlẹ̀ àtẹ jáde. Bí ẹ bá dí orí fèrè ẹsẹ̀ bàtà 4, ohùn yẹn kan náà ni yóò mú wá. Ìdí nìyẹn tí fèrè tí a dí lórí fi wúlò níbi tí àjà ilé kò bá ga.

Ohùn dùùrù kì í rẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí àtẹ. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kó gbé orin ìjọ ró nìyẹn, kò sí ohun èlò olókùn tó lè ṣe é. Fela Sowande, atẹdùùrù àti olùkọ̀wé orin ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí lọ́dún 1905, fi orin Yorùbá sórí rẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Ojú ọjọ́ wa le sí i. Nígbà ọ̀yẹ́, pákó á sún kì, àpótí á là, afẹ́fẹ́ á yọ́ lọ sọ́dọ̀ fèrè tí ẹnikẹ́ni kò pè, ó sì máa ń ké fínfín. Lásìkò òjò, pákó á wú, pákó pẹlẹbẹ tó yẹ kó máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lábẹ́ fèrè á há. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 1 lé sí i, ohùn fèrè tí kò ní ahọ́n á ga ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ìdajì ohùn (àlàfo tó wà láàárín ohùn àtẹ kan àti èyí tó tẹ̀lé e gan-an), ṣùgbọ́n fèrè tó ní ahọ́n irin kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Ibẹ̀ ni ìjà wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tún ohùn ṣe nígbà tí ilé bá gbóná tó ti àkókò ìsìn gan-an, ẹ má sì di fèrè mú pẹ́. Ooru ọwọ́ máa ń yí ohùn rẹ̀.

Bí ohùn kan bá kọ̀ tí kò dákẹ́, ìyẹ̀pẹ̀ ló sábà máa ń há sábẹ́ ìdérí. Ẹ tẹ àtẹ náà léraléra kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má ṣe da òróró sí i láéláé: awọ tó wà níbẹ̀ á bàjẹ́. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá sáré tó, ẹwìrì ò ní kún, ohùn á sì máa gbọ̀n bí ẹ bá tẹ ohùn púpọ̀ pọ̀. Ẹ yẹ iná wò kí ẹ tó fọwọ́ kan fèrè.