Bàálù tó rì sínú ẹrẹ̀ ní Wał-Ruda

Dúpẹ́: Ẹ̀gbọ́n, V-2, rọ́kẹ́ẹ̀tì Jámánì tó já lu ṣọ́ọ̀bù Woolworths ní New Cross, Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní oṣù kọkànlá ọdún 1944 pa ènìyàn 168. Ṣé lóòótọ́ ni pé ará abúlé ní Pólándì ti fọwọ́ kan irú rẹ̀ ṣáájú?

Fẹ́mi: Òótọ́ ni. Blizna, abúlé kan ní Pólándì, ni Jámánì ti ń yìn ín dánwò. Wọ́n lé àwọn ará ibẹ̀, wọ́n wá kọ́ ilé ẹ̀tàn, wọ́n tún sá aṣọ sórí okùn, kí bàálù tó ń ya fọ́tò lè rò pé abúlé lásán ni. Ní 20 oṣù karùn-ún ọdún 1944, ọ̀kan já sí etí odò Bug, nítòsí Sarnaki. Kò bú.

Dúpẹ́: Mítà 14 ni gígùn ẹ̀ o! Ibo ni wọ́n fi pamọ́ sí?

Fẹ́mi: Inú omi àbàtà. Nígbà tí Jámánì wá a tì, àwọn Armia Krajowa, ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ Pólándì, tú u, wọ́n kó ẹ̀yà rẹ̀ lọ sí Warsaw. Marceli Struszyński, onímọ̀ kẹ́míkà, ló rí i pé kẹ́míkà hydrogen peroxide wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ o, alcohol àti oxygen olómi ni. Peroxide ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fà wọ́n.

Dúpẹ́: Wał-Ruda ńkọ́?

Fẹ́mi: Pápá kan lẹ́bàá ibẹ̀, nítòsí Tarnów, ni Dakota, bàálù tó wá gbé àwọn ẹ̀yà náà lọ, balẹ̀ sí láti Brindisi ní Ítálì lóru 25 mọ́jú 26 oṣù keje. Jerzy Chmielewski, ọ̀kan nínú àwọn Armia Krajowa, gbé nǹkan bíi kílò 50 ẹ̀yà rọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé. Antoni Kocjan, ẹgbẹ́ rẹ̀, ló yẹ kó lọ, àmọ́ Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Jámánì, ti mú un. Wọ́n fún ẹ̀rọ níná, bàálù ò mì.

Dúpẹ́: Bíréèkì ló há?

Fẹ́mi: Ohun tí wọ́n rò nìyẹn, ni wọ́n bá gé páìpù bíréèkì. Kò mì síbẹ̀. Ilẹ̀ rírọ̀ ló gbé táyà mì. Wọ́n sọ èrò àti ẹrù kalẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò níwájú táyà, wọ́n kó koríko gbígbẹ àti pákó sí i. Wọ́n tún gbìyànjú, bàálù kàn ń yí po lójú kan. Wọ́n ti ń múra láti dáná sun ún kí wọ́n tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ló bá gbéra.

Dúpẹ́: Páìpù tí wọ́n gé wá ńkọ́?

Fẹ́mi: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Epo bíréèkì ti dànù, òun náà ló sì ń ká ẹsẹ̀ bàálù, ẹsẹ̀ náà ò wá ká mọ́. Omi ni wọ́n dà sínú táǹkì epo náà, wọ́n fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù títí ó fi ká. Láìsí bíréèkì ni Stanley Culliford, awakọ̀ bàálù náà, fi balẹ̀ ní Brindisi.

Dúpẹ́: Ẹrù yẹn dá V-2 dúró bí?

Fẹ́mi: Rárá o. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 28 oṣù keje, V-2 àkọ́kọ́ tó kọlu Lọ́ńdọ̀nù sì balẹ̀ sí Chiswick ní 8 oṣù kẹsàn-án. Kò sí ìbọn tó lè bá a lókè.