Bí ẹ ṣe lè gbin ọ́kíìdì látinú kóró

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ òdòdó tó ń jẹ́ ọ́kíìdì la fẹ́ sọ lónìí, irú tí wọ́n ń pè ní Phalaenopsis gan-an, èyí tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tó bá ti so, kéèyàn kàn da kóró ẹ̀ sílẹ̀ kó máa bomi rin ín ni. Kò ní hù o.

Ká kọ́kọ́ fọwọ́ fún un lóyún ná. Ẹ wo àárín òdòdó yìí dáadáa, ṣẹ́ ẹ rí òpó kékeré tó yọ síwájú yẹn, ìdérí funfun kan wà ní ṣóńṣó ẹ̀, mo fẹnu ìtayín tì í sókè díẹ̀, ẹ wò ó, wóró yẹ́lò méjì ti lẹ̀ mọ́ ìtayín. Pọ́líìnì nìyẹn, ohun tí òdòdó fi ń gboyún. Kì í fẹ́ lọ nínú afẹ́fẹ́ bíi ti àgbàdo, ó dì pọ̀ ni. Mo wá gbé e lọ sára òdòdó kejì, ihò kan wà lábẹ́ òpó tiẹ̀ tí inú ẹ̀ ń lẹ̀ pẹ́pẹ́, ibẹ̀ ni mo kì í bọ̀. Ó parí. Òdòdó yẹn máa rọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ má fòyà, igi tó gbé e dúró lẹ́yìn ló máa wú di èso, ó sì lè gbà tó oṣù 4 sí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbó.

Kóró inú èso kan ṣoṣo lè ju 100,000 lọ, ó kúnná bíi páúdà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oúnjẹ kankan ò sí nínú ẹ̀. Ẹ̀wà àti àgbàdo ní tiwọn lára, ọ́kíìdì ò ní. Nínú igbó, fọ́ngọ́ọ̀sì, ìdílé olú, ló máa wọnú kóró yẹn tó máa bọ́ ọ. Noël Bernard, ará ilẹ̀ Faransé, ló rí èyí ní 1899, àwọn tó ń gbin ọ́kíìdì ní England ṣáájú ìgbà yẹn kàn máa ń fọ́n kóró sídìí ìyá ẹ̀ ni, díẹ̀ ń hù, wọn ò mọ̀ pé fọ́ngọ́ọ̀sì ìdí ìyá ló ń ṣiṣẹ́. Ní 1922, Lewis Knudson ní Yunifásítì Cornell, l'Amẹ́ríkà, wá fi hàn pé tí súgà bá wà nínú ágà, ìyẹn ohun tó ń dì bíi jẹ́lì tí wọ́n ń gbin kóró sí, kóró á hù láìsí fọ́ngọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ńlá lọkùnrin yẹn ṣe!

Àmọ́ súgà yẹn, gbogbo kòkòrò àìfojúrí ló ń wá a, tó bá ti bu, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ se ìgò àti ágà nínú ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, kó wà ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Èmi fẹ́ràn kí n gé èso nígbà tó ṣì tutù, tí ò tíì là, torí inú ẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan lẹ máa fi blíìṣì fọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ tó ti kọjá nínú iná là á nínú àpótí tí atẹ́gùn ò wọ̀, kẹ́ ẹ fọ́n kóró ẹ̀ sórí ágà inú ìgò, kẹ́ ẹ sì dé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ẹ máa rí bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ ewé, kò ní gbòǹgbò, kò léwé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ewé á tẹ̀ lé e. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti pọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fomi fọ ágà kúrò lára ẹ̀ pátápátá, ẹ gbìn ín sínú mọ́ọ̀sì, ewéko rírọ̀ tó máa ń gba omi dúró, ẹ fi ike bò ó kí ara ẹ̀ má gbẹ. Ó lè tó ọdún 3 sí 5 kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́.