Lápàdé Kì í Ṣe Àwòkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ òní ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo lọ sí ìpàdé àwọn òǹkàwé kan níbí. Bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ kò ṣàjèjì sí yín, n kò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Nígbà tí ó kàn mí láti sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo dárúkọ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, òǹkọ̀wé Yorùbá tí ó dá Lápàdé sílẹ̀ nínú ìtàn. Ni arákùnrin kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, bá bi mí pé, "Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wo ni ó tú?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo tún ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i rárá. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó tú ìwé kankan. Èyí tí ó tú ni ó fẹ́ mọ̀!

Ọdún 1969 ni Àjà Ló Lẹrù, ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Òkédìjí, jáde, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971. Láti 1938 tí ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà ti jáde, igbó àti iwin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ ìtàn àròsọ wa. Òkédìjí gbé ìtàn wọ ìgboro, ó fi Lápàdé, ẹni tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, àti Táfà Ìgíripá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn ọ̀daràn láti lé wọn mú. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó máa ń kà á sókè fún wa. Bí ìjà bá ti ń gbóná, á pa ìwé dé, á ní ó di ìgbà tí a bá fọ abọ́ tán. Ìkà ni ẹ̀gbọ́n mi yẹn!

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ nínú yín pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ta ni ó jiyàn? Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ òyìnbó ránṣọ, ṣé agbádá rẹ̀ di ti òyìnbó ni? Lápàdé a máa pa òwe, a tún máa yí òwe po mọ́ni lọ́wọ́, débi pé ẹni tí ó ń bá a jiyàn kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Òkédìjí kan náà ni ó kọ Rẹ́rẹ́ Rún ní 1973 lórí ìyà àwọn òṣìṣẹ́, tí ó sì fi Atótó Arére, ní 1981, hàn wá bí ọmọdé ṣe ń di ọ̀daràn. Ẹni tí ó bá ṣì ní àwòkọ ni, kí ó ṣí ibi tí Lápàdé àti Táfà ti ń sọ̀rọ̀ síra wọn, kí ó sì dárúkọ òyìnbó tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún wa.