Ọjọ́ Kan ní Nantes: Ẹ Wá Odò Lọ Ná

Ẹ kú ìjókòó o. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kò ní tó mi.

Tẹ́ ẹ bá dé Nantes nílẹ̀ Faransé láàárọ̀, gbogbo ẹni tó ń mú àlejò rìn ló máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé olódi àwọn olórí tó ń ṣàkóso agbègbè Bretagne láyé àtijọ́. Ilé náà dáa, mi ò bú u, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń mú yín gbà wọlé yẹn. Odò Loire ló bí ìlú yìí, odò ni kẹ́ ẹ wá lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ti sin apá kan ẹ̀! Látọdún 1926 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn ẹ̀ka Loire tó gba àárín ìlú kọjá, tí wọ́n ń kó iyanrìn sí i, ìdí nìyẹn tí àdúgbò Île Feydeau (île ni erékùṣù lédè Faransé) fi ń jẹ́ erékùṣù lórúkọ lásán, tó jẹ́ pé bàtà yín ò lè tutù tẹ́ ẹ bá ń lọ síbẹ̀, àfi tójò bá rọ̀. Ẹ wo àwọn ilé ibẹ̀ dáadáa o, àwọn kan ti ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ torí orí iyanrìn ni wọ́n kọ́ wọn sí, kẹ́ ẹ wá gbójú sókè wo àwọn orí tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, ẹ máa rí ojú èèyàn dúdú níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò olówó tó ń rán ọkọ̀ ojú omi jáde ló nilé.

Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó níwájú yìí ti ń rẹ́rìn-ín. Òun ló sọ lọ́dún tó kọjá pé mò ń fi ìtàn ba fàájì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo gbẹ́ orí sára ògiri ni?

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Quai de la Fosse. Ibi ìrántí ìfòpin sí òwò ẹrú wà létí omi níbẹ̀, 2012 ni wọ́n ṣí i, ọ̀fẹ́ ni. Gíláàsì 2,000 ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lókè ẹ̀, 1,710 nínú wọn ló jẹ́ ti ìrìn àjò ọkọ̀ òwò ẹrú tó gbéra ní Nantes, ìyókù jẹ́ orúkọ àwọn èbúté.

Ibi tí mo bá a dé rèé tí ìyá kan fi nawọ́ lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Nantes yẹn gan-an ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ni?”

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀! Rárá, mà. Ọkọ̀ á kó aṣọ, ìbọn àti ọtí ní Nantes, á lọ fi ra èèyàn létí òkun wa, títí kan Ouidah tí àwọn Faransé ìgbà yẹn ń pè ní Juda, á kó wọn lọ sí Saint-Domingue, ìyẹn Haiti òní, ṣúgà àti kọfí ló máa wá kó bọ̀ wálé. Ọ̀pọ̀ ará Nantes ò fojú kan ẹrú rí, ṣúgà ni wọ́n rí. Aṣọ yẹn ńkọ́? Aṣọ òwú tí wọ́n tẹ òdòdó sí lára ni, indiennes ni wọ́n ń pè é, wọ́n dẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nantes níbẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún ń ná aṣọ lọ́jà.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ó dáa: erin àtọwọ́dá tí wọ́n fi irin àti igi ṣe wà lórí Île de Nantes, mítà 12 ló ga, ó máa ń fi omi wọ́n èèyàn lára, ẹ gùn ún. Passage Pommeraye, ọ̀nà onílé ìtajà tí wọ́n bo òrùlé lé, tí wọ́n ṣí ní 1843, ẹ gba ibẹ̀ kọjá. Òfin Nantes ti 1598 tó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láyè, ẹ mọ ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa bísíkíìtì LU kó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo mú páálí méjì wá.